Kí Àwòrán Ilé Wa Má Ṣe Já, Kí Ó Má Sì Ṣe Wọ́

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ẹ bá wọ yàrá àlejò ẹnikẹ́ni láti Ìkẹjà títí dé Agége, kí onílé tó gbé omi tútù kalẹ̀ fún yín, ògiri rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni bàbá wà nínú agbádá àti fìlà abetí-ajá. Ibẹ̀ ni ìyá jókòó sí nínú ìró àti bùbá, tí gèlè rẹ̀ ga sókè. Ibẹ̀ ni ọmọ tí ó gboyè jáde ní yunifásítì dúró sí nínú aṣọ dúdú gbọ̀ọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti ẹgbẹ́ àdúgbò wà, pẹ̀lú aago ògiri tí ilé iṣẹ́ kan fi ta bàbá lọ́rẹ lọ́jọ́ tí ó fẹ̀yìn tì.

Ṣùgbọ́n ẹ tún wò wọ́n dáadáa. Ọ̀kan ti tẹ̀ sí apá òsì. Òmíràn dorí síwájú bí ẹni tí ó fẹ́ ṣubú lu àlejò. Ìṣó tí ó gbé ẹ̀kẹta dúró ti wọ́, ó sì ti dípẹtà. Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ẹ̀kẹrin, òòrùn sì ti jẹ ẹ́ débi pé fọ́nrán méjì péré ni ó kù. A máa ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni ọ̀rọ̀ yìí, a sì máa ń fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó wà lórí ògiri ilé Yorùbá sábà máa ń jẹ́ ohun tí owó kò lè rà padà. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a jọ gbé e yẹ̀ wò: irú ògiri tí a ní, ohun tí ó lè gbé ẹrù dúró lára rẹ̀, àti bí a ṣe ń mú kí àwòrán dúró déédéé láìyẹ̀.

Ojú ẹni tí ó ti lọ

Kí kámẹ́rà tó dé ilẹ̀ wa, àwọn baba ńlá wa ti ní ọ̀nà tí wọ́n ń gbà pa ojú ẹni tí ó ti lọ mọ́. Ní Ọ̀wọ̀, wọ́n ní àṣà àkó, níbi tí wọ́n ti ń gbẹ́ ère tí ó jọ olóògbé, tí wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, tí wọ́n á sì fi ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, ère ìbejì ni ìyá ń wẹ̀, tí ó ń wọ̀ láṣọ, tí ó sì ń gbé kiri. Òwe kan tilẹ̀ sọ ọ́ tán: ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn kò sunwọ̀n láàyè.

Iṣẹ́ fọ́tò wọ Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Kí ọ̀rúndún náà tó parí, àwọn onífọ́tò bíi N. W. Holm ti ní ilé iṣẹ́ níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni fọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe iṣẹ́ tí ère ń ṣe. Ará Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ fọ́tò láàárín Yorùbá, pàápàá jù lọ ní Ìlá Ọ̀ràngún, ó sì tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní ọdún 1978. Lára ohun tí ó kọ sílẹ̀ ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwòrán wọn, onífọ́tò á ya èyí tí ó wà láàyè, á tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan náà, kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jọ jókòó ni. Àwòrán yẹn ni ìyá á máa tọ́jú gẹ́gẹ́ bí Táíwò àti Kẹ́hìndé.

Bí a bá mọ èyí, a ó mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń gbé àwòrán kọ́ sókè pátápátá, lábẹ́ àjà, tí wọ́n á sì jẹ́ kí ó dorí díẹ̀ sísàlẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí a kì í fẹ́ kí orí àlejò ga ju orí bàbá onílé lọ. Ọgbọ́n náà wà nínú rẹ̀: ọwọ́ ọmọdé kò tó o, ẹ̀yìn àga kò gbá a, ìmọ́lẹ̀ fèrèsé kò sì bù yẹ̀rì lójú dígí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ilé tiyín lè fẹ́ gbé àwòrán yín wá sílẹ̀ sí ibi tí ojú ti lè rí i dáadáa. Kò sí ohun tí ó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwòrán bá ti sún mọ́ ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe pàtàkì tó pé kí ìdè rẹ̀ yi.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, àwòrán ìyá ìyá mi já lulẹ̀ nílé wa ní òru. Kò sí ẹni tí ó fara pa. Onífọ́tò kan ni ó ya àwòrán náà ní àwọn ọdún 1970. Onífọ́tò náà ti kú, fíìmù rẹ̀ sì ti sọnù. Ẹ̀dà kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹni tí ó kan ìṣó rẹ̀ ti kàn án kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí a fà á yọ, a rí i pé kò wọ ògiri ju sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ lọ: inú rírẹ́ sìmẹ́ńtì ni ó dúró sí láti ọjọ́ yìí wá, kò kan búlọ́ọ̀kù rárá.

Dígí tí ó fọ́ kọ́ ni ó dùn wá jù. Ọ̀rinrin ti lẹ bébà àwòrán náà mọ́ ara dígí láti ọdún púpọ̀, nítorí náà nígbà tí dígí fọ́, ojú ìyá àgbà bá àwọn àfọ́kù náà lọ. Ìyá mi ṣà wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sínú àpòòwé, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà wọ́n nù. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kò ní mọ bí ìyá àgbà ṣe rí, àfi bí a bá fẹnu ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi àwọn bírìkìlà, àwọn kápẹ́ńtà àti àwọn oníṣẹ́ iná léèrè ọ̀rọ̀ nípa ògiri, tí mo sì ń ka ohun tí mo bá rí. Ohun tí ó tẹ̀ lé èyí ni àkójọ rẹ̀.

Irú ògiri wo ni ẹ ní?

Ìṣó tí ó dára lára ògiri kan lè di ìyà lára òmíràn. Ọ̀pọ̀ ilé tí a ń gbé ní agbègbè Ìkẹjà ni wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníyanrìn àti sìmẹ́ńtì kọ́. Gígùn búlọ́ọ̀kù bẹ́ẹ̀ jẹ́ mílímítà 450, gíga rẹ̀ jẹ́ 225. Fífẹ̀ ti oní-ínṣì mẹ́sàn-án jẹ́ 225, ti oní-ínṣì mẹ́fà sì jẹ́ 150. Ihò ńlá méjì ló sábà máa ń wà láàárín rẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá tò ó tán ni wọn á fi sìmẹ́ńtì àti yanrìn rẹ́ ẹ, èyí tí ó sábà máa ń nípọn tó sẹ̀ǹtímítà kan sí méjì, kí ọ̀dà tó wá gorí rẹ̀.

Òṣùwọ̀n ìjọba wà fún búlọ́ọ̀kù ní Nàìjíríà, NIS 87 ni wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ni a mọ̀ pé àwọn kan ń fi àpò sìmẹ́ńtì kan ṣe iṣẹ́ àpò méjì. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè dán lójú, kí inú rẹ̀ sì jẹ́ yanrìn. Bí ẹ bá kan ìṣó tí eruku gbígbẹ ń dà sílẹ̀ bíi gààrí, tí ihò náà sì ń fẹ̀ sí i, ẹ má fi ipá ṣe é. Ẹ sún kúrò níbẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ fi eegun ìka kan ògiri náà. Níbi tí rírẹ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ búlọ́ọ̀kù dáadáa, ìró rẹ̀ á ki, á sì wúwo. Níbi tí ó ti ṣí kúrò, ẹ ó gbọ́ ìró òfìfo bí ìgbà tí ènìyàn kan ìlẹ̀kùn pátákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má gbé ohunkóhun kọ́ síbẹ̀. Ẹ wá ojú ibi tí ó ti sán pẹ̀lú, nítorí bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ojú sísán sì ni ẹnu tí ìṣó máa ń là sí i.

Òpó ilé àti ìgbátí orí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn yàtọ̀. Kọnkéré tí irin wà nínú rẹ̀ ni wọ́n. Ìṣó á tẹ̀ níbẹ̀ tàbí kí ó ta padà síni lójú. Ní àwọn ilé tuntun àti àwọn ilé tí wọ́n pín sí kéékèèké fún ayálégbé, ẹ lè bá ògiri onípátákó tàbí èyí tí wọ́n fi bọ́ọ̀dù POP ṣe. Bọ́ọ̀dù yẹn fúnra rẹ̀ kò lè gbé ẹrù. Igi tàbí irin tí wọ́n fi dì í láti ẹ̀yìn ni kí ẹ wá, kí ẹ sì dè é mọ́ ibẹ̀.

Kí ni ìwúwo rẹ̀?

A máa ń fi ojú díwọ̀n àwòrán, ojú sì máa ń tan wá jẹ. Dígí ni ó wúwo jù nínú rẹ̀. Dígí tí ó fẹ̀ tó mítà kan ní ìbú àti ní òòró máa ń wọn kílógíráàmù méjì àbọ̀ fún mílímítà kọ̀ọ̀kan tí ó bá nípọn. Nítorí náà, dígí onímílímítà méjì tí ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 60 sí 90 á wọn kílógíráàmù 2.7, kí a tó fi férémù àti pátákó ẹ̀yìn kún un. Tí dígí náà bá jẹ́ onímílímítà mẹ́ta, ó di 4.05. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n tí ènìyàn ń gùn, ẹ gùn ún ní ọwọ́ òfìfo, ẹ tún gbé àwòrán dání gùn ún, kí ẹ sì yọ èkíní kúrò nínú èkejì.

Èyí tí kò ju kílógíráàmù méjì lọ, ìṣó kọnkéré kan tó fún un, bí ògiri bá le. Kí ìṣó náà gùn tó ínṣì méjì, kí ó lè la rírẹ́ kọjá kí ó sì wọ búlọ́ọ̀kù tó sẹ̀ǹtímítà méjì ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí ó dagun díẹ̀, kí orí rẹ̀ wà lókè, kí ẹnu rẹ̀ sì lọ sísàlẹ̀ nínú ògiri; báyìí ni ẹrù á ṣe máa tẹ̀ ẹ́ wọlé dípò kí ó máa fà á jáde. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ fi òòlù lù ú ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ní ìgbà púpọ̀. Ẹ lè fi eyín ìyarí di ìṣó mú kí òòlù má baà bá ìka. Ẹ bo ojú yín pẹ̀lú, nítorí ìṣó kọnkéré le débi pé ó lè kán, kí èékán rẹ̀ sì fò.

Ohun tí ó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, síkúrù àti fíṣà ni kí ẹ lò fún un. Gbogbo oníṣẹ́ iná ní Èkó ló mọ fíṣà, ìyẹn ike kékeré tí a ń tì bọ inú ihò kí síkúrù lè fẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Orúkọ yìí kò tan mọ́ ẹja pípa. Ará Jámánì kan, Artur Fischer, ni ó ṣe irú rẹ̀ tí ó jẹ́ ike ní ọdún 1958, orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti di orúkọ ọjà náà lẹ́nu wa. Ṣáájú rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1911, ará Gẹ̀ẹ́sì kan, John Joseph Rawlings, ti wá ọgbọ́n tí ó jọ ọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́ de ohun èlò iná mọ́ ògiri British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù láìba ògiri náà jẹ́.

Fún fíṣà onímílímítà mẹ́fà, ihò mílímítà mẹ́fà gan-an ni kí ẹ lu. Bí ihò bá fẹ̀ jù, síkúrù á kàn máa yí lásán ni. Bí ẹ̀rọ ìlu-ògiri yín bá ní ọ̀nà tí ó ń gbà yí àti ọ̀nà tí ó ń gbà gbá, ẹ lo èyí tí ń yí nìkan lára búlọ́ọ̀kù oníhò, nítorí gbígbá lè fọ́ ògiri rẹ̀ láti inú. Ẹ fẹ́ eruku inú ihò náà kúrò kí ẹ tó ti fíṣà bọ̀ ọ́. Dígí ńlá àti ohunkóhun tí ó bá ju kílógíráàmù mẹ́wàá lọ, ẹ pe oníṣẹ́ ọwọ́. Ẹ má sì gbé ohun tí ó ní dígí kọ́ sókè orí ibùsùn, ní pàtàkì ibi tí ọmọ ọwọ́ ń sùn sí. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ mọ́ pátákó tí wọ́n sì fi ọ̀rá bò lójú, èyí tí ó wọ́pọ̀ láàárín wa báyìí, kò ní dígí. Òun ló yẹ irú ibẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún iná

Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, inú ògiri ni wọ́n ri páìpù wáyà iná mọ́, wọ́n sì rẹ́ sìmẹ́ńtì bò ó. Láti sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí súwíìsì, páìpù náà sábà máa ń lọ tààrà sókè, sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nítorí náà, ẹ má ṣe kan ìṣó tàbí lu ihò sí ojú ìlà kan náà pẹ̀lú wọn, ní òró tàbí ní ìbú. Ẹ̀yìn ibi tí balùwẹ̀ tàbí ilé ìdáná wà náà gba àkíyèsí, nítorí páìpù omi.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ ni kí ènìyàn rò pé ewu ti tán nítorí pé kò sí iná ní àdúgbò. Iná lè dé nígbà tí ìṣó wà ní agbede méjì ògiri. Báńtìrì ẹ̀rọ inverter kì í dúró de ẹnikẹ́ni, jẹnẹrétọ̀ sì lè wà ní títàn. Orísun iná gbogbo ni kí ẹ pa láti ibi tí ó ti ń wọlé, kí ẹ tó fi irin bọ ògiri tí ẹ kò mọ inú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀rọ oníná ni ẹ fẹ́ lò, ẹ lo èyí tí ó ní báńtìrì tirẹ̀.

Bí ó ṣe lè gún régé

Àwọn ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà sábà máa ń gbé àwòrán kọ́ kí àárín rẹ̀ wà ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 152 láti ilẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni ojú ẹni tí ó dúró sábà máa ń bá. Ní yàrá àlejò tí ìjókòó pọ̀ ju ìdúró lọ, ẹ lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kí àlàfo tó sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20 wà láàárín rẹ̀ àti ẹ̀yìn àga.

Ìṣirò kan wà tí kò jẹ́ kí ènìyàn lu ògiri ní ihò mẹ́rin nítorí àwòrán kan. Ẹ mú gíga tí ẹ fẹ́ kí àárín àwòrán wà, ẹ fi ìdajì gíga férémù kún un, kí ẹ wá yọ ìwọ̀n tí ó wà láti orí férémù dé ibi tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ dé nígbà tí ẹ bá fi ìka fà á le. Ká sọ pé ẹ fẹ́ kí àárín rẹ̀ wà ní 145, tí férémù ga ní 60, tí okùn sì fi 8 sísàlẹ̀ sí orí férémù. 145 pẹ̀lú 30 jẹ́ 175. Tí a bá yọ 8 kúrò, ó ku 167. Sẹ̀ǹtímítà 167 láti ilẹ̀ ni kí ẹ fi pẹ́ńsù sàmì sí.

Okùn ẹ̀yìn rẹ̀ náà ní òfin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fà á le gbọnrangandan, wọ́n rò pé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe máa lágbára. Òdìkejì rẹ̀ ni òtítọ́. Bí okùn bá ga díẹ̀ láàárín bí òrùlé ilé, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan dagun ní dígírì 30, agbára tí ó ń fa òrùka férémù ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo àwòrán náà. Bí ó bá tẹ́ tó dígírì 10, agbára náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Àwòrán oníkílógíráàmù márùn-ún á wá máa fa òrùka rẹ̀ bí ẹrù mẹ́rìnlá. Ìyẹn ni òrùka kékeré fi ń ya kúrò lára igi férémù láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wáyà tí wọ́n lọ́ pọ̀ sì sàn ju okùn ọ̀rá lọ, nítorí òòrùn àti ooru máa ń jẹ okùn ọ̀rá.

Kí àwòrán má baà máa yẹ̀, ìkọ́ méjì ni kí ẹ fún un dípò ẹyọ kan. Ohun tí ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan rọrùn láti yí. Ohun tí ó dúró lórí méjì kò rọrùn. Èyí ṣe pàtàkì ní ìlú bíi tiwa. Jẹnẹrétọ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìnkùlé, ọkọ̀ ńlá ń gba Ọba Àkran lọ bọ̀, ọkọ̀ ojú irin Red Line sì ń gba Agége àti Ìkẹjà kọjá láti oṣù kẹwàá ọdún 2024. Ìgbọ̀nrìrì kékeré lójoojúmọ́ tó láti yí àwòrán oníkọ̀ọ́ kan po. Ẹ tún lẹ ègé rọ́bà kékeré méjì mọ́ ìsàlẹ̀ férémù lẹ́yìn, kí ó lè di ògiri mú.

Ní ti wíwọ̀n rẹ̀, omi ni adájọ́ tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Àwọn bírìkìlà wa máa ń rọ omi sínú rọ́bà gbọọrọ tí a lè rí inú rẹ̀, wọ́n á gbé ẹnu rẹ̀ méjèèjì sí igun ilé méjì, ibi tí omi bá dúró sí ní ẹnu kìíní náà ni yóò dúró sí ní ẹnu kejì. Bí ẹ bá fẹ́ to àwòrán mẹ́rin tàbí márùn-ún sí ìlà kan lára ògiri gígùn, ọgbọ́n yìí ni kí ẹ lò. Fún àwòrán kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ fóònù òde òní ní ohun ìwọ̀n tí ó ń sọ bóyá nǹkan tẹ́jú. Bí àjà ilé fúnra rẹ̀ bá wọ́, tí àwòrán sì wà nítòsí rẹ̀, àwòrán tí ó gún á dà bí ẹni pé òun ni ó wọ́. Ẹ gbé e jìnnà sí àjà náà.

Bí àwòrán bá pọ̀, ẹ tò wọ́n sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná. Ẹ gé ìwé ìròyìn àtijọ́ ní ìwọ̀n férémù kọ̀ọ̀kan, ẹ fi téèpù bébà lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, kí ẹ sì fi wọ́n síbẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ojú yín bá gbà á ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́, ẹ mú òòlù.

Òjò àti òòrùn

Ohun tí ó pa àwòrán ìyá àgbà lára kí ìṣó tó yọ ni ọ̀rinrin. Ògiri ìta, ní pàtàkì èyí tí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje ń nà, máa ń rin láti inú. Bí ẹ bá lè rí ògiri àárín ilé, ibẹ̀ ni kí ẹ lò. Rọ́bà ẹ̀yìn férémù tí mo mẹ́nu bà tún ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Ẹ sọ fún ẹni tí ń ṣe férémù pé kí ó fi páálí tí ó ní ojú láàárín sí àárín fọ́tò àti dígí, kí wọ́n má baà fara kan ara wọn. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti wà nínú tiwa ni, ojú ìyá àgbà kò ní bá dígí lọ. Ẹ má sì gbé fọ́tò aláwọ̀ kọ́ síbi tí òòrùn ti ń wọlé tààrà. Àwọ̀ rẹ̀ á ṣá kí ọdún mélòó kan tó pé.

Bí ilé kì í bá ṣe tiyín

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ayálégbé, àwọn onílé kan kò sì fẹ́ gbọ́ ìró òòlù. Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé ayálégbé gbọ́dọ̀ tọ́jú ilé, yàtọ̀ sí gbígbó tí ó bá ìlò mu, àti pé kò gbọ́dọ̀ ṣe àyípadà tàbí àfikún sí ilé láìgba àṣẹ onílé nínú ìwé. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin náà, wọ́n yọ Ìkẹjà GRA, Àpápá, Ìkòyí àti Victoria Island kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibẹ̀ ni ẹ ń gbé, ìwé àdéhùn yín ni kí ẹ kà dáadáa. Níbikíbi tí ó wù kí ó jẹ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kúkúrú kan sí onílé kí ẹ tó kan ìṣó, pẹ̀lú ìdáhùn rẹ̀ tí ẹ tọ́jú, lè gba owó yín là lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kó jáde.

Ọ̀nà kan wà tí ó tẹ́ onílé àti ayálégbé lọ́rùn. Ẹ fi síkúrù mẹ́rin de pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ògiri ní ìbú, lókè, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà tí ó bá ògiri mu. Ara rẹ̀ ni ẹ ó máa so gbogbo àwòrán mọ́ pẹ̀lú wáyà. Ihò mẹ́rin péré ni ẹ lu, àwòrán mẹ́wàá sì lè pààrọ̀ ipò láìtún fọwọ́ kan ògiri. Ní ti àwọn ohun alẹ̀mọ́gìírì tí a ń tà báyìí, ẹ rántí pé ara ọ̀dà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, kì í ṣe ara ògiri. Ẹ fi ọwọ́ pa ògiri yín: bí ẹfun bá bá ọwọ́ wá, àwòrán àti ọ̀dà ni yóò jọ já.

Kí ẹ tó gbé òòlù

Iṣẹ́ kan ṣáájú gbogbo èyí. Ẹ ya ẹ̀dà gbogbo fọ́tò àtijọ́ tí ó wà nílé, kí wọ́n fi ẹ̀rọ yà á dáadáa, kí ẹ sì fi ẹ̀dà náà pamọ́ sí ibi méjì ó kéré tán. Ẹ̀dà ni kí ẹ gbé kọ́ ògiri. Kí ojúlówó wà nínú àpòòwé gbígbẹ, nínú àpótí, níbi tí òòrùn kò ti tó o. Nígbà tí ẹ bá sì yọ fọ́tò kúrò nínú férémù, ẹ gbé e lọ bá àgbà tí ó kù nílé, kí ẹ bi í pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta nìyí? Níbo ni wọ́n ti yà á? Ọdún wo ni?” Ẹ fi pẹ́ńsù kọ ìdáhùn náà sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ rọra kọ ọ́ kí ó má baà yọ sójú. Ìṣó tí ó dára lè mú àwòrán dúró fún ogójì ọdún, ṣùgbọ́n bí kò bá sí ẹni tí ó mọ orúkọ ẹni tí ó wà nínú rẹ̀ mọ́, ọ̀ṣọ́ ògiri lásán ni ó ń gbé. Ọjọ́ Sátidé tí ń bọ̀ yìí dára fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àgbà tí ó dàgbà jù.